Kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá Páálí

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Ṣé o ti fọwọ́?" Ọ̀gá Páálí jágbe mọ́ Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ìyá wọn ló fi orúkọ yẹn dá a lápàárá, torí bó ṣe ń tọ́jú páálí géèmù bí ẹyin. Gbogbo géèmù àtijọ́ tó kó jọ ló wọ ọ̀rá tó mọ́ gaara. Ó to wọ́n ní ìnàró kí páálí wọn má baà tẹ̀, ó fi àpò pénpé tó ń fa ọ̀rinrin sáàárín wọn, kò sì jẹ́ kí oòrùn kàn wọ́n kí àwọ̀ wọn má baà ṣá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rí. Ìyẹn ni ààyò rẹ̀.

Owú ò jẹ́ kí Àbíkẹ́yìn gbádùn. Bàbá wọn, tó jẹ́ káfíńtà, kan kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn fún géèmù. Àwòrán tí òun ń yà ńkọ́? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, eruku ń bò wọ́n. Bí àlejò bá dé, bàbá á ní, "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ mi kó jọ!" Ọmọ mi. Bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ló bí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ Ọ̀gá Páálí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá wo àwọn géèmù náà. Bó ṣe lọ tán, tí ẹ̀gbọ́n wọ ilé ìwẹ̀, Àbíkẹ́yìn yọ́ wọ yàrá rẹ̀. Ó gbé ààyò náà, ó fi èékánná fa ọ̀rá rẹ̀ ya pẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sáré dá a padà sáàyè rẹ̀, ó sì jáde.

Nígbà tí Ọ̀gá Páálí rí i, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé páálí náà lé itan.

"Ta ló wọ ibí?" bàbá wọn bi í.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni, Bàbá."

"Kò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́!"

Àbíkẹ́yìn, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, yọ́ lọ sí yàrá tirẹ̀.

Nílé ìwé, Ọ̀gá Páálí àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn bí ìgbín àti ìkarahun wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí àjèjì. "Ọ̀bàyéjẹ́" ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn rí i tó ń dá jẹun lẹ́yìn kíláàsì, tó kẹ̀yìn sí gbogbo ayé, ó dé abọ́ oúnjẹ tirẹ̀ pa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Owú ló ń jẹ mí. Bàbá ò wo àwòrán mi rí."

Bàbá fà á dìde. "Mo gba ẹ̀bi tèmi," ó ní. "Àmọ́ ṣé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ní kí n má wò ó?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ilé ọmọ náà lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó ní kò burú. Ó wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ tó o mọ̀ mí, o ò tiẹ̀ bi mí."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Lójú ọ̀nà, Ọ̀gá Páálí ń sunkún. Àbíkẹ́yìn fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á gbà.

Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owú bá ń jẹ yín, ẹ tètè la ẹnu sọ ohun tó ń dùn yín. Ẹni tó bá jẹ́ kí owú ti òun síwájú ò lè mọ aláìṣẹ̀ tí òun máa gbé ṣubú.