Wọ́n Ní Hikmah Lóyún

"Tó o bá bọ́ súwẹ́tà yẹn, ṣé wàá kú ni?"

Doyin ló béèrè bẹ́ẹ̀, nínú yàrá tí àwọn ọmọbìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó lọ ṣe eré ìdárayá. Oṣù Karùn-ún ti fẹ́ẹ̀ parí, oòrùn ti ń mú ní Bronx, nílùú New York, ṣùgbọ́n Hikmah kò bọ́ súwẹ́tà dúdú ńlá tó ti ń wọ̀ láti ìgbà òtútù.

"Òtútù ń mú mi," ló fi dáhùn.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí wọn bú sẹ́rìn-ín. "Òtútù kọ́, oyún ni. Ṣé ẹ ò rí ikùn rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín gba gbogbo yàrá. Doyin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ọ̀rẹ́ Hikmah, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé New York ni wọ́n bí i sí. Ó fa Hikmah lọ́wọ́ jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Hikmah. Ọdún méjì péré ló tíì lò nílùú yìí. Abẹ́òkúta ló ti wá bá Morufat, ìyá rẹ̀, tó ti ṣáájú dé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé ní Williamsbridge, bàbá rẹ̀ sì ṣì ń wa ọkọ̀ nílé, ó ń retí ìwé àṣẹ tí yóò fi wá bá wọn. Morufat ń tọ́jú bàbá arúgbó kan tí kò lè dìde nílẹ̀ ní Fordham. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jáde, á sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu kó tó wọlé.

Láti oṣù Kẹta ni ìsàlẹ̀ ikùn Hikmah ti ń ga. Nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ìrora kan máa ń gún un lápá ọ̀tún bí abẹ́rẹ́. Hikmah mọ̀ pé òun kò bá ọkùnrin kankan ṣe pọ̀ rí. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Láti ọ̀sẹ̀ tó ti Abẹ́òkúta dé ni ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé, "Ọjọ́ tí ikùn rẹ bá ga nínú ilé yìí, ọjọ́ náà lo máa padà s'Ábẹ́òkúta." Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara tí ènìyàn fi ń bímọ, Morufat kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò. Ó ní ọmọ tí wọn ò bá fi ọ̀nà hàn kò ní rìn ín. Láwọn ọjọ́ náà, láíbìrì ni Hikmah máa ń jókòó sí. Nígbà tó wá béèrè ohun tó ń wú ikùn lórí fóònù, àwòrán aláboyún ló kọ́kọ́ yọ sí i. Ó yára pa á, kò tún béèrè mọ́.

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ ni Doyin mú un lọ lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin náà rọra béèrè pé, "Ṣé mo lè fọwọ́ kan ikùn rẹ?"

"Rárá o! Oúnjẹ ni mo jẹ jù."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Ó pe fóònù Morufat, kò wọlé. Ó wá kọ lẹ́tà pé kí ìyá mú ọmọ náà lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin, Hikmah tú lẹ́tà náà kà. Ó rí ọ̀rọ̀ náà, "àyẹ̀wò oyún." Ó ya lẹ́tà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó dà á sínú garawa ìdọ̀tí.

Lọ́jọ́ kejì, ó wo ojú nọ́ọ̀sì, ó ní, "A ti lọ. Dókítà ní afẹ́fẹ́ ló kún inú mi." Ó sì kìlọ̀ fún Doyin pé, "Tó o bá sọ fún Mọ́mì mi, ọ̀rẹ́ wa ti parí nìyẹn." Doyin pa ẹnu mọ́.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Hikmah kò tíì dáhùn ìbéèrè kẹwàá nígbà tí nǹkan yí nínú rẹ̀ bíríbírí. Òógùn bò ó. Ó di ikùn mú, ó ń bá ìwé lọ, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ó fara dà á fún wákàtí kan gbáko. Lẹ́yìn náà ló bì sórí tábìlì, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Doyin ló pe Morufat, léraléra, títí ó fi gbé e. Morufat sáré dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Hikmah lọ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Kò béèrè ohun tó ń dun ọmọ. Ó ranjú mọ́ ikùn náà, ó sì pariwo:

"Ta ni? Ta ló fún ọ lóyún?"

"Mọ́mì, mi ò ṣe nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ikùn kì í dédé wú!"

Nọ́ọ̀sì kan bọ́ sáàárín wọn. Motúnráyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù. A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò lóyún."

"Kí ló wá wà nínú ikùn náà?" ni Morufat béèrè.

"Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní," ni Motúnráyọ̀ ń bá a lọ, "ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Ibẹ̀ ni ẹyin ti ń jáde lóṣooṣù. Àpò omi kan ló hù sára tọ̀tún, ó ti tóbi tó orí ọmọ tuntun. Ìwúwo rẹ̀ ti jẹ́ kí ilé ẹyin náà lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ẹ̀jẹ̀ ò ráyè débẹ̀ mọ́. Hikmah, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti oṣù Kẹta."

"Ta lo sọ fún?"

Hikmah bojú wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó yíjú kúrò.

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí wọ́n máa fi là á, ilé ẹyin ọ̀tún ti dúdú, ó ti kú. Wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn: ká ní ó ti wá nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ àpò omi nìkan, kí ilé ẹyin wà láàyè. Ọ̀kan tó kù lè tó láti bímọ, ṣùgbọ́n àpò kékeré kan ti wà lára òun náà. Wọn yóò máa ṣọ́ ọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni Motúnráyọ̀ fi tu Morufat nínú. Morufat mi orí. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìtùnú nínú rẹ̀.

Doyin wá lọ́jọ́ kejì, ó ń sunkún. "Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo rò pé bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Èmi ni mo ní kó o dákẹ́," ni Hikmah wí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, lẹ́tà kan wà tí wọ́n kọ sí yín. Mo ya á. Mo tún parọ́ fún nọ́ọ̀sì."

Morufat kò bínú. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀rù mi ló bà ọ́. Nígbà tó o wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìrora ń pa ọ́, kí ni mo béèrè?" Ó bú sẹ́kún níwájú àwọn ọmọ méjèèjì.

Wọ́n dárí ji ara wọn, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò dá ilé ẹyin padà. Hikmah tún ìdánwò náà ṣe nínú oṣù Kẹjọ, ó sì yege. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò wá bẹ̀ ẹ́. Àpá wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ìbẹ̀rù sì ń bá a lọ sílé ìwòsàn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ̀yà ara tí ènìyàn fi ń bímọ kì í ṣe ohun ìtìjú, gẹ́gẹ́ bí ojú àti etí kì í ti í ṣe ohun ìtìjú. Ọ̀dọ́ tí ara bá ń ro, kó sọ ọ́; bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbà á gbọ́, kó sọ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ tó bá mọ̀, kó má dákẹ́. Òbí tí ọmọ bá sì wá bá, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dùn ún.