Okùn Tí Kò Yẹ Kó Le

Orí ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti bá Àlàájì Àkíbù. Jìtá wà lórí àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀.

Ọyẹ́ ti bo Bẹ́yẹrúnká láàárọ̀ Jímọ̀ náà débi pé ẹnikẹ́ni kò rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè. Ètè gbogbo ará agboolé ló gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò gbẹ lẹ́nu wọn: ọmọ rẹ̀ ló pa á.

Nígbà tí Ìsìpẹ́kítọ̀ Hikmat Àjàdí dé láti àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti ti Waliyat, ọmọbìnrin Àlàájì, mọ́ ìdí ògiri. Ọmọ náà kò sunkún.

"Tíì ló fi pa bàbá ẹ̀," ni Mọ́gàjí, olórí agboolé, wí. "Lánàá gan-an, gbogbo wa la gbọ́ ọ tó ń pariwo pé, 'Jìtá yìí ló máa pa yín!' Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi gbé tíì wọlé. Ẹ wo nǹkan tó tẹ̀lé e."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sin wọ́n, bàbá?"

"Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkú Mùsùlùmí sílẹ̀ kó pẹ́."

Hikmat mọ̀. Mùsùlùmí lòun náà. Ó tún mọ̀ pé bí wọ́n bá ti da yẹ̀pẹ̀ bo Àlàájì báyìí, ẹ̀rí ti bá a wọlẹ̀ nìyẹn, ọmọ yìí nìkan ló sì máa ṣẹ́ kù fún ayé láti nàka sí. Àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ wọ́n," ló wí. "Ẹ fún mi láyè títí dìgbà ìrun."

Mọ́gàjí fajú ro, ṣùgbọ́n kò sọ pé rárá.

Hikmat bọ́ bàtà, ó ní kí Waliyat tẹ̀ lé òun wọ yàrá.

Jìtá ló kún ara ògiri, púpọ̀ nínú wọn ló sì dàgbà ju Hikmat lọ. Àlàájì ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin. Nígbà tí ẹgbẹ́ tú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn jìtá àtijọ́ jọ, kò sì dúró mọ́. Abọ́ omi wà ní igun yàrá kọ̀ọ̀kan. Aṣọ inúra tútù ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní.

"Nítorí ọyẹ́ ni, àǹtí," ni Waliyat wí wúyẹ́wúyẹ́. "Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, páákó jìtá máa ń sán. Bàbá mi máa ń tọ́jú wọn bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ò ní yàrá, inú pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Jìtá ló ní yàrá. Ohun tá a torí ẹ̀ jà lánàá nìyẹn. Mi ò pa bàbá mi."

Ife tíì wà lórí àpótí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Hikmat bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó kún dẹ́nu, mílíìkì ti dì lójú rẹ̀.

"Ta ló ti fọwọ́ kan ife yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Nígbà tí mo gbé e wọlé, wọ́n ṣì wà lórí ìrun. Nígbà tí mo padà wá, wọ́n ti ṣubú."

Tíì tí wọn ò fẹnu kàn kì í pààyàn. Ṣùgbọ́n kí ló wá pa á?

Wáyà kan jáde lára jìtá náà, ó wọ inú áńpù, ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Áńpù náà sì wà lára iná.

"Ṣé iná wà láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n mú un wá lẹ́yìn Àsùbáà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n tún fi mú un lọ."

Hikmat kọ́kọ́ fa wáyà áńpù yọ. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ òsì òkú náà sókè. Ìlà dúdú tín-ín-rín wà lórí àwọn ìka rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn jìtá ṣe tò. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí iná ti jó o wà níbẹ̀ náà.

Ó na ọwọ́ sí jìtá kan lára ògiri. Okùn rẹ̀ dẹ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ó kan òmíràn, bákan náà ni. Gbogbo wọn ló dẹ̀.

"Bí ọyẹ́ bá dé, bàbá mi á dẹ okùn gbogbo wọn kí ọrùn wọn má bàa tẹ̀," ni Waliyat ṣàlàyé. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fà á le títí òjò àkọ́kọ́."

Ṣùgbọ́n okùn jìtá tó wà lórí àyà òkú le dan-in. Hikmat ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Èyí tó nípọn jù lọ lọ sílẹ̀ gan-an, ó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń ráhùn lójú oorun.

"Ṣé bàbá yín ló fa èyí le?"

"Rárá o. Etí wọn ti wúwo, wọn kì í gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn mọ́. Oríṣiríṣi àlejò ló máa ń bá wọn ṣe é."

Hikmat ránṣẹ́ pe oníná àdúgbò. Oníná náà tú ẹ̀yìn áńpù. Eruku ọjọ́ pípẹ́ ló bo gbogbo inú rẹ̀, àfi téépù dúdú kan tó ń dán lára wáyà kan.

Oníná sún sẹ́yìn. "Madaamu, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ darí iná sínú okùn jìtá ni. Ẹni tó so èyí ò ṣèèṣì."

Àwọn méjì ló jókòó lágbàlá, tí ọ̀rọ̀ jìtá kàn. Èkíní ni Olúgbénga Adégòkè, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Agodi, tó fẹ́ ra jìtá orí àyà òkú náà, tó sì wá láti gbé e lọ́jọ́ náà gan-an. Èkejì ni Bàbá Ishaq, tó ń tún jìtá ṣe l'Ọ́jà'ba, tóun àti Àlàájì sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ nígbà èwe.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ jìtá yẹn lẹ fẹ́ rà?" Hikmat bi Olúgbénga.

Ojú ọkùnrin náà tàn, ó gbàgbé pé òkú wà nílé. "Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, madaamu. Ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti ṣí lójú páákó. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kùn ún. Tí wọ́n bá kùn ún, ó ti bà jẹ́ nìyẹn! Ọwọ́ ẹni tó ta á ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ló ń lọ. Ẹnì kan ti ń dúró dè é."

Bàbá Ishaq gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ wọ yàrá yẹn kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́ o, ọmọ mi. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe níbi tí okùn ti dẹ̀?"

Hikmat wọlé, ó gbé jìtá méjì jáde láti ara ògiri, ó fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi tún ohùn wọn ṣe."

Olúgbénga rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó mọ iye jìtá, kò mọ̀ ọ́n ta. Irú wọn pọ̀ nígboro. Ó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ kó máa sọ ohùn tó yẹ fún un. Okùn tó nípọn ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa, àmọ́ nígbà tó kan èyí tó tín-ín-rín, pàù, ó já.

Bàbá Ishaq ò lo fóònù. Ó dijú. Ó ń lọ́ etí jìtá díẹ̀díẹ̀, ó ń fetí sí i, ìka rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tó ta okùn tó nípọn, ó kùn.

Hikmat tẹ fóònù tirẹ̀. Ohùn jìtá orí àyà òkú jáde. Ohùn kan náà ni, látòkè délẹ̀.

"Ohùn tí Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè fà ni gbogbo ayé ń lò," ni Hikmat wí. "Tiyín lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Bàbá, ta ló kọ́ yín ní irú èyí?"

Ọwọ́ bàbá náà wà lórí okùn síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Sìdí. Àwa méjèèjì nìkan la máa ń fà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ò mọ òmíràn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Jìtá Sìdí nìyẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ló ṣí ọ̀dà yẹn. Nígbà tó kú, Àkíbù ní kí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ná. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń nù ún, èmi ni mò ń fi òróró pa á lọ́rùn. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ gbé e fún òyìnbó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi àgbà yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ishaq, òkú ò ní jìtá.'"

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Lánàá, mo sọ fún un pé ẹni tó fẹ́ rà á á fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo fà á le, mo so ó mọ́ áńpù. Nígbà tó lọ kírun Mọ̀ǹgàrí nírọ̀lẹ́ ni mo so wáyà. Mo ní bí iná bá dé, kó gbọ́ ọ wò. Mo mọ̀ pé lórí omi ló máa dúró láìwọ bàtà." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní aṣọ tútù yẹn."

"Waliyat ńkọ́? Ẹ jókòó, ẹ ń wò wọ́n tí wọ́n ń pè é ní apànìyàn."

"Mo rò pé bí wọ́n bá ti sin ín, ariwo á lọ sílẹ̀."

Waliyat wá dúró níwájú rẹ̀. "Bàbá Ishaq, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí dàgbà," ló wí.

Mọ́gàjí bọ́ fìlà, ó bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo agboolé. Ó gbà kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òkú lọ fún dókítà wò. Nígbà tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ishaq lọ́wọ́, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Waliyat, jọ̀ọ́, bá mi dẹ okùn ẹ̀. Ọyẹ́ ṣì ń jà."

Waliyat wọ yàrá lọ, ó kó àwọn aṣọ inúra tútù jáde, ó fún omi wọn sílẹ̀ lágbàlá, ó sá wọn sórí okùn aṣọ. Ó padà, ó da omi inú gbogbo abọ́ nù. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹní ìyá rẹ̀ wọlé, ó tẹ́ ẹ síbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Wọn ò tíì kírun Jímọ̀ tán tí páákó jìtá àkọ́kọ́ fi sán lára ògiri.