Adé Tó Ga Jù

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ níwájú ìyàwó mi ni pé, "Ta ló ta pálapàla yìí fún yín?"

Kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí wọ́n pè mí wá tún ṣe, ni mo ń bá wí. Iṣẹ́ eyín ni ìyàwó mi ń ṣe: bí dókítà bá ti fi àwòrán ẹnu aláìsàn ránṣẹ́, yóò jókòó, yóò fi sọ́fítíwíà gbẹ́ adé tí wọn yóò fi dé eyín tó kán. Àmọ́ bó bá ti fẹ́ yí eyín náà wò, kọ̀ǹpútà á dákú.

"Èmi ni mo rà á," ni ohùn kan wí lẹ́yìn mi.

Bàbá rẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fa wáyà iná sí ilé onílé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wò mí láti orí dé bàtà.

"Ọ̀gá yunifásítì. O ò tíì tú u, o ti ń bú u."

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni ń káàánú rẹ̀. Kí ni oníwáyà mọ̀? Àlọ́ àpamọ̀ ni kọ̀ǹpútà lójú mi, n kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni fún ìdáhùn.

Mo fi kún mẹ́mìrì. Mo fi dísìkì tó yára sí i. Paríparì rẹ̀, mo ki káàdì ńlá kan bọ̀ ọ́, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ya àwòrán lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Bí ọmọbìnrin náà bá ń ronú, ńṣe ló máa ń fi ahọ́n ka eyín ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìfẹ́ ti wọ̀ mí lára.

Ní Ọjọ́bọ̀, a tan kọ̀ǹpútà náà. Ọmọbìnrin náà yí eyín. Kọ̀ǹpútà dákú.

"Sọ́fítíwíà yín ni kò dáa," ni mo wí.

"Lọ́jọ́ tí ẹ dé, kọ̀ǹpútà ni," ó dáhùn. "Ó kù kí ẹ bú aláìsàn."

Bàbá rẹ̀ pòṣé. "Ọ̀la ni dókítà ń retí iṣẹ́ yìí. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, má tún ẹsẹ̀ rẹ gbé síbí. Àbí o rò pé n kò rí bó o ṣe ń wò ó?"

Ó tẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

"Ihò méjì tó jọra ló wà níbí. Inú èwo ni wáyà ojú kọ̀ǹpútà wà?"

"Ti òkè."

"Káàdì ńlá tìẹ ńkọ́?"

"Ti ìsàl..." Ihò àtijọ́ ni mo dá wáyà padà sí. Láti ìgbà náà, káàdì ńlá kàn jókòó bí àlejò, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Bàbá fa wáyà yọ, ó tì í bọ ihò ìsàlẹ̀. Eyín náà ń yí bí òkòtó.

"Bí iná ò bá tàn," ni bàbá wí, "wáyà là ń kọ́kọ́ tọ̀. A kì í bú ilé."

Ó jáde. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi "ṣùgbọ́n" kún un. Mo wá sọ fún un pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ga jù," ó wí. "Bí adé eyín bá ga jù, ẹnu kì í ṣeé pa dé. Ńṣe là ń rẹ́ ẹ."

"Ẹ rẹ́ mi, olólùfẹ́."

"Ó máa dùn yín."

Ó fi ọdún kan rẹ́ mi, bàbá rẹ̀ sì ń bá a lọ́wọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Mo ti la ẹnu láti bú ẹni tó gbé e wá. Ìyàwó mi wò mí, ó fi ahọ́n ka eyín rẹ̀.

Mo pa ẹnu dé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú aṣọ ọkọ ìyàwó, mo tọ wáyà.