Àwùjẹ̀ Tó Tún Rọ̀

Lọ́jọ́ Ajé ni onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́ẹ̀rọ̀ onídìrí ra mọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kó lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó ṣì ń yá abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ aládùúgbò láìpẹ́ yìí! Tọmọdé tàgbà ń kí i kú oríire, òun náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí i kó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mọ́tò ti dé, kò sẹ́ni tó tún rí orí rẹ̀. Fìlà dúdú onírun kan ló ń dé, òjò ni o, ọ̀gbẹlẹ̀ ni o, a fà á wálẹ̀ títí kan ìpéǹpéjú.

Onígbàjámọ̀ tí kò fẹ́ ká rí orí òun! Ìyẹn nìkan ì bá ti tó fún ẹni tí yóò fura. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wo mọ́tò kì í ráyè wo fìlà.

Àwọn oníbàárà ló sọ Ọwọ́ẹ̀rọ̀ lórúkọ yẹn. Bó bá ń dirun fún ọmọdé, oorun ni ọmọ náà ń sùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ara rẹ̀ sì ń gbóná láti là. Bó bá ti ń fi òòyà ya irun, ọkàn rẹ̀ á ti máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì, á ti máa kun ògiri ẹ̀kẹta lọ́dà.

"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe tí Ọlọ́run ń rọ òjò owó fún yín báyìí?" ni ó bi onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kan.

"Mo dókòwò ni, àbúrò."

"Òwò kí ni?"

"O ò ṣe béèrè orúkọ bàbá owó náà? Ìwọ gbé tìẹ sílẹ̀, yóò bímọ. Dókítà eyín wà níbẹ̀. Tíṣà wà níbẹ̀. Ṣé gbogbo wa ló ya òmùgọ̀, tí ìwọ nìkan gbọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ta ló fẹ́ jẹ́ ọlọ́gbọ́n tó ń fẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn òmùgọ̀ tó ń gun mọ́tò? Ó fi owó kékeré kan dán an wò. Kò pẹ́, owó náà padà wálé, ó sì gbé ọmọ pọ̀n. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ò sùn mọ́jú. Ó kó gbogbo ohun tó ní jọ. Nígbà tí ìyẹn ò tẹ́ ojúkòkòrò lọ́rùn, ó nawọ́ sí owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n lásán. Nígbà tí òbí wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Níwájú ààrò búrẹ́dì olówó kan ló ti ń ṣiṣẹ́, iná ti kọ ọ́ lápá bí ẹni kọ ilà. Láti ọdún mélòó kan ló ti ń fi owó pamọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ kóun náà lè mọ ààrò tirẹ̀. "Bá mi dì í mú," ó máa ń wí, "ọwọ́ tèmi ń jò." Àgbẹ̀ kì í kó gbogbo irúgbìn sínú ebè kan. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kó tirẹ̀ síbẹ̀, ó kó ti ẹlòmíràn lé e.

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Èrè ò wá. Ojú owó ò wá.

"Baba Elérè tó ni òwò náà fẹ́ rí ẹ," ni onígbàjámọ̀ wí. Kò wò ó lójú.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n lọ. Òkè ilé kan ni, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé nísàlẹ̀, tí ẹ̀rọ ń kùn yùnmùyùnmù. Wọ́n gun àtẹ̀gùn, wọ́n kọjá ọ́fíìsì tó mọ́ tónítóní, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òkùnkùn bò wọ́n bí aṣọ tútù. Òórùn irun tó jóná lu Ọwọ́ẹ̀rọ̀ nímú. Bí ojú rẹ̀ ti ń là, ó rí àwọn èèyàn lórí àga oníke, gbogbo wọn dé fìlà, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìkòkò kan wà láàárín, ó ga tó ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Irun èèyàn ni wọ́n fi hun ìdérí rẹ̀. Ìdérí náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn.

Oníṣègùn ni Baba Elérè. Ó wọ kóòtù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán.

"Onídìrí!" ó ní, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí epo. "A ti ń retí ẹ. Orí tó ń gba abẹ́ ọwọ́ ẹ kọjá pọ̀ ju ẹsẹ̀ tó ń tẹ ọjà lọ. Owó ẹ ò kú, ọmọ mi. Ó sùn ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi jí i."

"Èmi kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ní ń jí owó." Ó na abẹ kan sí i, abẹ tó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. "Orí ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù la ó fi bẹ̀rẹ̀. Gé irun díẹ̀ láàárín rẹ̀, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kàn án, gbé e wá. Gbogbo ohun tóo fi sílẹ̀ yóò padà, yóò sì mú ẹbí rẹ̀ dání."

"Kí ni yóò ṣe ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé o bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tóo ń gba èrè àkọ́kọ́?"

"Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun nínú òkùnkùn. "Á jẹ́ pé o ti pàdánù nìyẹn. Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ oníbúrẹ́dì pé o ti jẹ ààrò rẹ̀."

Ìtìjú ló ń ti èèyàn sí kòtò tí ebi ò lè tì í sí. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gba abẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi ẹnu mọ ààrò.

"Ẹnu rẹ̀ á kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, kí èéfín má baà bá onílé jà. Ìwọ ni màá fi búrẹ́dì àkọ́kọ́ bọ́, bóo fẹ́, bóo kọ̀. Wo bóo ṣe gbẹ bí igi ìdáná. Yéè! Ta ló ń ṣá mi lórí? Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ti di Ọwọ́ẹ̀gún lónìí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Òòyà ló yọ̀."

Kì í ṣe òòyà. Ìdì irun ti wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rin fún ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀.

"Ṣé màámi ti ti oko dé?"

Màámi tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ayé àtijọ́! Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbé ọwọ́ lé àárín orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ rọ̀. Egungun ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwùjẹ̀ àgbàlagbà ti là padà bí ti ìkókó, ó ń mí fùkẹ̀, fùkẹ̀, lábẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá tẹ ìka mọ́ ọn, ìka yóò wọlé.

Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní jẹ́jẹ́, ó sáré lọ bá onígbàjámọ̀.

"Kí lẹ mú mi wọ̀?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Láti iwájú orí dé ìpàkọ́, kò sí egungun, awọ lásán ló kù bí awọ inú ẹyin, ohun kan sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀.

"Orí ìyá mi ni mo kọ́kọ́ gbé lọ," ó ní. "Ìyẹn ló ra mọ́tò. Nígbà tí èrè rẹ̀ tán, wọ́n ní kí n máa fi tèmi lé e, díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ò ṣe sá?"

"Kí n wá fi gbogbo ohun tí mo ti kó síbẹ̀ sílẹ̀? Àbúrò, ó kù díẹ̀ ni."

Ojú ọkùnrin náà ń dán nígbà tó sọ ọ́. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wo ojú yẹn, ó sì rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan bínú dìde nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì wà, ṣùgbọ́n ìbínú ti gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin.

Ó di irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó gun àtẹ̀gùn náà lọ. Onígbàjámọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ̀lé e.

"Ó ti dé!" Baba Elérè pàtẹ́wọ́. Àwọn onífìlà na ọrùn. Ìdérí ìkòkò ṣí fúnra rẹ̀, èémí gbígbóná jáde. Oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí pe ọfọ̀:

"Ọ̀nà ọ̀fun kì í bi òkèlè léèrè ibi tó ti wá,
Ilẹ̀ kì í mu òjò kó yó,
Iná kì í jẹ igi kó dúpẹ́.
Orí tó bá wọlé kì í jáde.
Sọ ọ́ sínú rẹ̀!"

"Ó dáa," ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ohun tó yẹ kí n ti bi yín kí n tó mú kọ́bọ̀ wá. Èrè tí ẹ ń san, níbo ló ti ń wá?"

"Ọmọ yìí, má ṣe..."

Ìkòkò ló dáhùn. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn, àgbà, ọmọdé, ìyá onígbàjámọ̀ pàápàá wà nínú rẹ̀. *Orí tuntun ló ń san ti orí àtijọ́.*

"Bí orí tuntun ò bá wá ńkọ́?"

Gbogbo fìlà inú yàrá yí sí Baba Elérè. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Orí tirẹ̀ rí roboto, irun kún un bámúbámú. Kò fi eékán tirẹ̀ pàápàá sínú òwò náà rí.

"Gbé irun yẹn wá!" ó kígbe. "Bóo bá jáde báyìí, o ti pàdánù gbogbo ẹ̀!"

"Mo ti pàdánù!" Ọwọ́ẹ̀rọ̀ náà kígbe. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Owó mi ti lọ. Ààrò ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó o dànù, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n omi ló dànù, agbè ò fọ́! Mi ò ní torí omi tó dànù kí n wá fọ́ agbè. Orí tó ru búrẹ́dì nínú òjò kí n lè jẹun. Orí tó gba oòrùn kí tèmi lè rí ìbòòji. Ẹlẹ́dàá ló mọ orí yẹn. Ta ló gbé e sọ́jà? Ta ló bi yín pé èló ni?"

Ó ki irun náà bọ àyà. Oníṣègùn fò mọ́ ọn, ó gbá a nírun mú, abẹ kan ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ti ń pa ìkòkò. Irun tú jáde láti ẹnu rẹ̀, gígùn, tútù, dúdú, ó ń ràkò lórí ilẹ̀, ó ń fọwọ́ kan orí kan lẹ́yìn òmíràn. Tíṣà, òfìfo. Dókítà eyín, òfìfo. Ó gun kóòtù Baba Elérè.

"Kì í ṣe èmi! Èmi ni mo ni..."

Irun gba ihò imú rẹ̀ wọlé. Ó gba etí. Àárín orí rẹ̀ dún pàù bí igbá tó là. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín sí i, ó di ti ọ̀dọ́, ó di ti ọmọ, ó di igbe ìkókó, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìkòkò gbé e mì láti orí dé èjìká. Kóòtù ń jà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ń ta pàtì.

"Ẹ sọ ọ́, kẹ́ẹ máa bọ̀!" ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ké sí wọn. "Ẹ sọ pé ẹ ti pàdánù!"

Tíṣà sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún, ó rá pálá jáde. Obìnrin kan tẹ̀lé e. Dókítà eyín wo ilẹ̀kùn, ó wo ìkòkò, ó sì fara mọ́ àga. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ fa onígbàjámọ̀ lọ́wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde!"

"Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí san lọ́la," ó ní, ó di àga mú gírígírí. "Ọ̀la ò jìnnà."

Irun ti ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ fi í sílẹ̀ o. Kí Ọlọ́run má fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ dán wa wò.

Nílé, ó tẹ́ irun náà padà síbi tó ti gé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbàdúrà, ó ń sunkún, títí egungun fi padà dì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí búrẹ́dì tó ń jinná. Ẹ̀gbọ́n là ojú.

"Ṣé o ò tíì parí irun yìí ni?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀gbọ́n gbá a létí, ó dún. Ó gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó ń fọwọ́ pa àpá iná apá rẹ̀.

"Àgbẹ̀ kì í dáṣọ lóṣù, àfọdún," ó ní. "A ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù lókè yẹn ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì padà lọ síbẹ̀, wọ́n bá ẹlòmíràn tó ti wọ kóòtù mìíràn, tó jókòó sí ọ́fíìsì òkè. Èèyàn sì ti ń tò lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó gbé ohùn tó fi ń polówó búrẹ́dì láyé ọjọ́un sókè:

"Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tà! Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń rà á! Ẹ bi wọ́n pé bẹ́ẹ bá fẹ́ gba owó yín lọ́la, ilẹ̀kùn wo lẹ máa gbà jáde! Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́!"

"Ìyá wèrè," ni ẹnìkan wí.

"Wèrè tó ní orí lọ́rùn!" ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gòkè. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà dúró láàárín àtẹ̀gùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tì í, kò mira. Ó wo ilẹ̀kùn òkè, ó wo àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kí lẹ ní ká bi wọ́n?"

Ó sì gbé ẹsẹ̀ kan wálẹ̀.