Ìràwọ̀ Tí Bàbá Tíṣà Gbà ní Láàbù

Láti ọjọ́ tí Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, kò rí ẹni tí yóò máa fún ní máàkì mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fún òun náà. Nítorí náà, nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé láti láàbù, tó rí àmì ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ̀tásíọ̀mù, ìyẹn irú iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì kí àlejò lè rí i.

"Mẹ́fà ààbọ̀," ó wí fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó yà kí wọn láàárọ̀ Sátidé. "Márùn-ún péré ni wọ́n kọ pé èèyàn ń gbà. Mo jù ú lọ. Wọ́n sì fún mi ní ìràwọ̀."

Ó ti tó ọdún kan tí dókítà ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Àmọ́ Tíṣà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè ní aláìsàn. Ó ra bílẹ́ńdà. Láràárọ̀, yóò lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, píà kan àti ọsàn mẹ́rin pọ̀, yóò fi omi àgbọn là á, yóò wá dúró lójú fèrèsé mu ún, kí ará ìta lè mọ ohun tí ọlọ́gbọ́n ń mu.

"Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà," ó ní. "Aránṣọ. Kí ló mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà lánàá," ìyàwó dá a lóhùn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ìràwọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀bùn. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni láàbù ń fi í sí."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?"

"Ẹ̀yin ni. Tí pọ̀tásíọ̀mù bá ga tó báyìí, ọkàn lè dúró lójijì. Ẹ wọ bàtà."

Ìyàwó Tíṣà gba ife èso lílọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó dà á nù.

Nílé ìwòsàn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà. Dókítà wo ìlà tí ẹ̀rọ ń fà, ó rọra pe èèyàn méjì sí i. Ìyàwó dúró síbẹ̀, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èso ni, dókítà. Èso lásán."

"Èso dáa, Màmá. Kíndìnrín tó le ló ń da èyí tó pọ̀ jù nínú pọ̀tásíọ̀mù síta. Tiwọn ò lè ṣe é mọ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè dé."

Ọjọ́ kẹrin, nígbà tí pọ̀tásíọ̀mù ti wálẹ̀, ni wọ́n tó padà sílé. Onímọ̀ oúnjẹ ti kọ́ wọn ní èso lílọ̀ tó bá èsì àyẹ̀wò Tíṣà mu: ìlàjì ápù tí wọ́n ti bó, ọ̀pẹ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́ díẹ̀, omi tútù.

"Ife kékeré báyìí?" Tíṣà bi nọ́ọ̀sì.

"Kékeré báyìí. Ẹ sì máa kà á mọ́ ìwọ̀n omi tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa mu lójúmọ́."

Ẹ̀yin ará, bí kíndìnrín yín bá ń ṣàárẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, píà àti omi àgbọn lè di ewu fún yín. Ápù, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti èso àjàrà fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ àpọ̀jù tiwọn náà kò dáa. Ìwọ̀n tó bá aládùúgbò mu lè má bá yín mu, torí náà ẹ fi èsì àyẹ̀wò tiyín han dókítà, kí ẹ tó lọ èso kankan mu. Bí ẹsẹ̀ ò bá gbé yín mọ́, tàbí àyà ń lù ségesège, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ọkàn tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í kọ̀wé ṣáájú.