Erè Wahab Kì í Ṣe Èrè

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn, gbé àpótí rẹ wá síwájú. Ẹni tó ń tẹ fóònù, gbé e sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ fóònù gan-an la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ejò náà sì ni. Ẹ má sáré dìde! Ejò ọ̀hún ò sí níbí, ó wà nínú ike rẹ̀ ní Dopemu, ó ń sinmi jẹ́jẹ́.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Bọ́sẹ̀dé, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìlérí, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ló máa ń rán. Ọmọ Èkìtì ni, orin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, orin ni. Bí wọ́n bá mú iná lọ, á kọrin fún wọn kí wọ́n dá a padà.

Fóònù rẹ̀ dún. Wahab ló kọ̀wé sí gbogbo ará ilé lórí Wásáàpù. Wahab yìí, ọmọ Ìjẹ̀bú, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tó kọ nìyí: "E kaaro o, eyin ara ile. Ere mi jade laaro yii. Mi o ni pe de. E ba mi toju re, e ma je ki enikeni fowo kan an."

Ìyá Ìlérí wọ awò ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ náà. Wahab ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ sọ́nà láìdé fìlà fún wọn.

"Yéè! Èrè Wahab ti jáde o!"

Munirat, onídìrí tó wà ní yàrá kejì, yọjú tòun ti ìyarun lọ́wọ́. "Èrè wo, Ìyá Ìlérí?"

"Èrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni! Ó ní ká bá òun tọ́jú ẹ̀. Bóyá wọ́n ń gbé e bọ̀ láti ilé-iṣẹ́."

"Mo ti mọ̀! Ẹni tó ń ti yàrá bíi ti báńkì, ṣé kò ní jèrè ni?"

Bàbá Job, awakọ̀ tánkà tó ti fẹ̀yìn tì, dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Kó má gbàgbé èmi o. Èmi ni mo bá a gbé fáànù wọlé."

Kú oríire bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Wásáàpù lọ́tùn-ún lósì. Wahab ò rí ọ̀kankan. Wọn kì í gbé fóònù dé ìdí ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìlérí ò jẹ́ kó tutù. Ó gbé iṣu kaná. Munirat gbé ẹ̀gúsí kaná, ó da ẹja gbígbẹ sí i. Nígbà tí iṣu jinná, Ìyá Ìlérí gbé odó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mú ọmọ odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, orin sì ń bá odó rìn:

*Èrè dé, èrè dé o,*
*Ẹ wá bá wa yọ̀.*
*Ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ ló gbè é,*
*Èrè dé!*

Òógùn bò ó lójú. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ mú àkísà tí yóò fi nù ún, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, níbi tí áyọ́ọ̀nù ti mú kí ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rí aṣọ kan láàárín àwọn àjákù tirẹ̀. Ó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dáadáa, ojú funfun sì wà lára rẹ̀ níbi púpọ̀.

"Ta ló gbé aṣọ tó dára báyìí sáàárín àkísà mi?"

Ó na ọwọ́ sí i. Aṣọ náà mí.

"Ejò o! Ejò o!"

Ó fò sẹ́yìn, ó gbé ọmọ odó sókè. Ṣùgbọ́n ejò náà ò lé e. Ńṣe ló ká ara rẹ̀ jọ, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ó sì ki orí sí àárín bí ìyàwó tuntun tí ojú ń tì.

Bàbá Job sáré dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fọ́ ọ lórí!"

"Orí dà? Ó ti gbé orí pamọ́!"

"Ọmọ Èkìtì, tòun ti ọmọ odó, ẹ tún ń wá orí! Ẹ dúró, mò ń bu kẹrosíìnì bọ̀."

Ó lọ. Ìyá Ìlérí fi ọwọ́ kan mú ọmọ odó, ó fi ọwọ́ kejì pe Wahab. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e. Ó tún un pè. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Wahab gbé e, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún ìsinmi ni.

"Wahab! Sáré wálé o, ejò wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi!"

"Báwo ló ṣe rí, Màmá?"

"Ó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, funfun wà lára ẹ̀, ó ká bíi bọ́ọ̀lù."

"Alihamudulilahi! Màmá, erè mi nìyẹn!"

"Mò ń wí ejò, ìwọ ń wí èrè! Èrè ẹ á dúró, ejò ò ní dúró!"

"Erè, Màmá! Ejò ni! Erè mi tó jáde ni mo kọ sí Wásáàpù."

"Ṣé eré lò ń bá mi ṣe ni?"

"Kì í ṣe eré, Màmá. Kì í ṣe èrè. Erè ni!"

Ìyá Ìlérí yíjú wo iyán tó wà nínú odó. Ó yíjú wo ejò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Sányán ni mo sọ ọ́. Ọmọ ọwọ́ mi ni, ẹyin wà níkùn ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí ẹyin yẹn. Kò ní oró. Ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mò ń bọ̀ pẹ̀lú dókítà ẹranko. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Sányán. Ìyá tó bí Ìyá Ìlérí ní ìró sányán kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ọjọ́ pàtàkì nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ó tún ejò náà wò. Ó rí i pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ò purọ́. Oyún ló tún wà níkùn rẹ̀. Ó rọra sọ ọmọ odó wálẹ̀, ó mú un dání jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ iṣẹ́ méjì dí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí síwájú ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó gbé ọmọ odó lé itan.

Bàbá Job dé tòun ti gálọ́ọ̀nù. "Ẹ dìde níbẹ̀."

"N ò dìde. Ejò Wahab ni."

"Ejò ni ejò ń jẹ́! Tó bá bu ẹnìkan jẹ ńkọ́?"

"Ilẹ̀kùn wà láàárín yín. Kẹrosíìnì tí ẹ gbé dání, bó bá gbaná lára aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, ilé tí ẹ̀yin náà ń sùn sí ló máa kọ́kọ́ jó. Ẹ gbé e padà, Bàbá Job. Ọmọ odó yìí ò tíì ṣe nǹkan kan lónìí yàtọ̀ sí iyán."

Munirat bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Job wo ọmọ odó, ó wo ojú Ìyá Ìlérí, ó gbé gálọ́ọ̀nù padà.

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé Wahab dé. Dókítà Olúwafúnkẹ́mi, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Wahab wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Sányán bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì gbé e sínú àpò aṣọ. Omi wà lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìlérí pátápátá.

"Dìde, ọmọ mi," ni Ìyá Ìlérí wí.

"Ta ló kun ejò yìí?" ni Bàbá Job béèrè láti òkèèrè.

"Ẹnikẹ́ni ò kùn ún, Bàbá," ni dókítà dáhùn. "Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Erè inú igbó máa ń dúdú pẹ̀lú àmì bí ewé gbígbẹ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ń sìn ín á wá mú akọ àti abo tó láwọ̀ yẹn pọ̀, títí ọmọ wọn á fi jọ wọ́n."

Wahab mi orí. "Kí n tó mọ̀, mo ra ọ̀kan lójú títì ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó pupa fòò. Ẹni tó tà á ní àwọ̀ ìbílẹ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tó bọ́ awọ, àwọ̀ bá awọ lọ. Ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Inú igbó ni wọ́n ti mú un, kò sì jẹun títí tó fi kú."

"Ṣé kí n bá àwọn ọdẹ Ọ̀tà sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá ẹ mú òmíràn?" ni Bàbá Job wí. Ẹ ò rí i, ọkàn rẹ̀ ti rọ̀.

"Rárá o, Bàbá," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kí ti igbó wà nígbó. Òun ló ń bá àgbẹ̀ jẹ eku oko. Wahab níwèé àṣẹ, ọwọ́ ẹni tó ń sìn ín ló sì ti ra Sányán. Ṣùgbọ́n Wahab, ìwọ náà ṣẹ̀. Kí ló dé tí ejò fi jáde?"

"Mi ò fi ìkọ́ há ìdérí ike. Mo wá a títí, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wá ń fọn fèrè."

"Ò bá jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Kí ló dé tí ará ilé ò mọ̀ pé o ń sin ejò?"

Munirat ló já lu ọ̀rọ̀ náà: "Ká ní a mọ̀ ni, ta ni ì bá rò pé owó ló ń jáde?"

Ẹ̀rín gba ilé. Ìyá Ìlérí dìde, ó ká apá aṣọ sókè. "Iyán ò mọ̀ bóyá èrè ni àbí erè. Ó ti di iyán. Ẹ jókòó!"

"Ẹ fọ ọwọ́ ná o," ni dókítà wí, "ọṣẹ àti omi. Wahab, tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kòkòrò àìsàn lè wà lára ejò bí kò tiẹ̀ ní oró."

Wọ́n fọwọ́. Wahab lọ há ìkọ́ ike kí ó tó jókòó, Bàbá Job sì tẹ̀ lé e lọ wò ó pé ó há lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ mú èyí lọ sílé. Bí ẹ bá rí ejò tí ẹ ò mọ̀, ẹ má rò pé bíi ti Sányán ni. Òmíràn lóró gidi. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò. Bó bá wà nínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má da kẹrosíìnì, ẹ má dá iná. Ẹni tó bá sì wù láti sin erè aláwọ̀, kó lọ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹranko igbó, kó rà á lọ́wọ́ ẹni tó sìn ín, kó má ra ti ojú títì. Kó há ìdérí, kó sì sọ fún ará ilé. Bó bá fẹ́ kọ̀wé sí Wásáàpù, kó fi àmì ohùn sí i, tàbí kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ránṣẹ́!

Sányán yé ẹyin mẹ́fà. Ìyá Ìlérí ló rán àpò tuntun fún un. Orin tó ń kọ nídìí ẹ̀rọ báyìí nìyí:

*Erè dé, erè dé o,*
*Ẹ gbé odó sílẹ̀.*
*Ẹ tilẹ̀kùn, ẹ pe onímọ̀,*
*Ká jọ jẹyán!*

Ní ọjọ́ Sátidé náà, iyán kárí gbogbo ilé. Dókítà di tirẹ̀ lọ. Bàbá Job lá àwo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Oníkálukú sì wọlé rẹ̀ lọ, ikùn wọn kún, ọkàn wọn balẹ̀.