Òòyà Tíṣà Wọlé

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Fẹ́yìsetán ṣubú sódò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Wọlé. Ó ń tu ọkọ̀ kọjá níwájú iléèwé ìlú Zion Pepe létí òkun, kẹ́ẹ̀gì omi mímu tó ń tà kún inú ọkọ̀, ló bá rí ọkùnrin kan lórí afárá pákó láàárín àwọn ọmọléèwé. Ó ń ya irun orí rẹ̀ kíkankíkan, ó sì ń na òòyà sí omi tó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ike.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ ya irun fún omi ni?"

Ojú ti Wọlé, ṣùgbọ́n kò lè gbójú kúrò lára ọmọge náà.

"Ó yẹ kí omi yìí tẹ̀ wá sọ́dọ̀ òòyà ni. Ní Ìkirè tí mo ti wá, ó máa ń tẹ̀."

Omi ò tẹ̀. Ọ̀rinrin pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ etí òkun, kò jẹ́ kí iná mànàmáná tí irun fún òòyà dúró.

Láti ọjọ́ náà ni òùngbẹ Wọlé kò tán mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń ra omi.

"Ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan, tójú ò lè rí, ní ẹ̀gbẹ́ méjì," ó ṣàlàyé fún un. "Iná ẹ̀gbẹ́ kan lòdì sí ti èkejì. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa fa ara wọn mọ́ra nìyẹn. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó la fi ń wọn agbára wọn."

"Kẹrosíìnì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Kò ní yíjú wo òòyà."

"Bíi tèmi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí yín."

"Irọ́ lò ń pa, Fẹ́yì mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ pè mí."

Nígbà tí Wọlé lọ tọrọ Fẹ́yìsetán lọ́wọ́ bàbá ọmọge náà, Olówòkéré, ó bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ̀yin tíṣà ará òkè kì í pẹ́ níbí," ni bàbá wí. "Mi ò ní fi ọma mi fún ẹni tó máa fi í sílẹ̀. Omi tí o ní ó máa ń tẹ̀ yẹn, ìgbà wo ló máa tẹ̀?"

"Nígbà ọyẹ́, Bàbá, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ."

Olówòkéré rẹ́rìn-ín. "Tíṣà kan ò tíì bá wa rí ọyẹ́ rí. Tó o bá ṣì wà níbí nígbà yẹn, wá fi hàn mí."

Òjò ò tíì dá tí ìjọba fi gbé iṣẹ́ Wọlé lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí iná mànàmáná wà. Fẹ́yìsetán rọ omi tó máa mu lọ́nà fún un. Nígbà tí ọkọ̀ gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fẹ́yìsetán padà sínú ilé, ó sì sunkún dáadáa.

Lópin ọ̀sẹ̀, Wọlé padà dé. Ó ti bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹlòmíì lọ sí Àkúrẹ́ dípò òun.

Ọyẹ́ dé, ètè gbogbo èèyàn bó. Wọlé mú òòyà lọ sílé Olówòkéré, àfi bó ṣe rántí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí òun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irun Fẹ́yìsetán ni màá yà."

Bàbá kọjú sí àwọ̀n rẹ̀. "Rọra yà á."

Wọlé yà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fẹ́yìsetán da omi tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú kẹ́tùrù, Wọlé sún òòyà mọ́ ọn, omi sì tẹ̀ wá bá òòyà. Wọ́n da kẹrosíìnì, ìyẹn ṣàn lọ gbọnrangandan.

Olówòkéré ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó wò ó títí.

"Lọ pe àwọn èèyàn rẹ wá láti Ìkirè," ó ní. "Kí wọ́n dé kí ọyẹ́ tó lọ."

Fẹ́yìsetán gba òòyà náà, ó fi há irun orí rẹ̀.

"Tèmi ni o, Wọlé," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà.